Ṣé o mọ̀? Àgbọn Jẹ́ Abo Lẹ́nu Ará Jámánì

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Jámánì wà lára àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845? C. A. Gollmer, ọmọ Württemberg, ni. Òun pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther.

Ṣé o mọ̀ pé èdè abínibí Gollmer pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí mẹ́ta: akọ, abo, àti èyí tí kò ṣe akọ tí kò ṣe abo? Oòrùn, die Sonne, abo ni. Òṣùpá, der Mond, akọ ni. Ọmọdébìnrin, das Mädchen, kò sí lára abo rárá. Ìrù -chen tó wà nídìí rẹ̀ ló fà á.

Àgbọn ńkọ́? Die Kokosnuss, abo ni, torí pé Nuss ló gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó bá sì gbẹ̀yìn ló ń pàṣẹ.

Ká ní ará Imeke kan, ní agbègbè Àgbádárìgì, gbé àgbọn tútù dání. Ì báà tà á, ì báà fi ṣe àlejò, “tútù” kò ní yí padà. Bó bá jẹ́ èdè Ògù, tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ló ń sọ, akọ tàbí abo kò kan ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ̀. Ti Jámánì, frisch, ń yí. Eine frische Kokosnuss wà nílẹ̀. Mo ra eine frische Kokosnuss: olùwà àti àbọ̀ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí mit (pẹ̀lú) bá ti ṣáájú, ó di mit einer frischen Kokosnuss. Ẹja, tó jẹ́ akọ, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ein frischer Fisch ló wà nílẹ̀, einen frischen Fisch ni mo rà. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó ti ọ̀dọ̀ abo bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé der, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ akọ, ń bá abo rìn náà? Mit der frischen Kokosnuss! Bí kò bá sì sí der tàbí einer níwájú, ọ̀rọ̀ àpèjúwe fúnra rẹ̀ ni yóò ru àmì náà: mit frischer Kokosmilch.

Die Kokosnuss ist frisch: lẹ́yìn ist, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kò ní ìrù kankan. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ bíi rosa àti lila kì í yí níbikíbi.

Ṣé o mọ̀ pé Jámánì ṣàkóso Tógò láti 1884 di 1914? Ní 1907, Diedrich Westermann tẹ gírámà èdè Ewé, ìbátan èdè Ògù, jáde ní Berlin. Èdè tí kò ní akọ tàbí abo ló fi èdè tó ní mẹ́ta ṣàlàyé.

Jẹ́ ká padà sórí àgbọn: bó bá pọ̀ ńkọ́? Die frischen Kokosnüsse, die frischen Fische. Akọ àti abo ti dọ́gba.