BÁTÌRÌ SÓLÀ TÓ SÙN LỌ, TÍ WỌ́N NÍ Ó TI KÚ

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225, ọ̀pọ̀ wa ló ti sá di sólà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa.

Mo lọ sílé fún ọdún Kérésì, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pa sólà kí n tó kúrò ní Àpò, ṣùgbọ́n mo gbàgbé fíríìjì lórí ínfátà. Nígbà tí mo dé, ínfátà kò tàn mọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún un ṣe fi mítà kan ẹnu bátìrì: òdo. Ó ní, “Bàbá, ó ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn.” Owó bátìrì lithium kì í ṣe ohun tí owó ìfẹ̀yìntì ń gbé lẹ́ẹ̀mejì!

Bátìrì náà kò kú. Sẹ́ẹ̀lì 16 ló wà nínú rẹ̀, fóltì 3.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Chip kékeré kan ń ṣọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi fóltì 2.5, chip yìí á ti ilẹ̀kùn tí iná ń gbà jáde. Bí ó bá tún ń lọ sílẹ̀, á pa ara rẹ̀ pátápátá, kí òun náà má baà mu díẹ̀ tó kù. Ẹnu ilẹ̀kùn tí a tì ni mítà wọ̀n, kì í ṣe inú yàrá.

Ta ni yóò wá jí i? Kọ̀ǹpútà kékeré kan sábà máa ń wà nínú bátìrì tó ń pàṣẹ fún chip. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ bátìrì, ọwọ́ chip yìí kan náà ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń gba iná. Bí ọmọṣẹ́ bá sùn, ọ̀gá náà sùn nìyẹn. Ìta ni ìjí gbọ́dọ̀ ti wá. Texas Instruments ti Amẹ́ríkà fi ibi méjì sílẹ̀ lára BQ76952 tí wọ́n ṣe: ọ̀kan ń mọ̀ bí fóltì ṣájà bá dé, bọ́tìnnì lè jí i láti ara èkejì. Ṣùgbọ́n jíjí yàtọ̀ sí ṣíṣí ilẹ̀kùn. Chip bq76940, tó ṣáájú rẹ̀, á jí tán, á sì dúró de àṣẹ ọ̀gá. BQ76952 lè dá ilẹ̀kùn ṣí, bí wọ́n bá ti kọ àṣẹ náà sínú rẹ̀ ṣáájú.

Ìṣòro tiwa ni pé ínfátà kò ní gba bátìrì láyè bí kò bá rí fóltì lẹ́nu rẹ̀, bátìrì náà sì ń dúró de ínfátà. Bí àna méjì tí oníkálukú ń retí kí èkejì kọ́kọ́ kí òun. Bátìrì míì ní bọ́tìnnì; tiwa kò ní. Onímọ̀ mìíràn ló tú u, ó wọn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù wà ní fóltì 2.4. Ó wá gbé ṣájà tó lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo sí i, iná díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, iná ara bátìrì tàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán èyí wò fúnra yín. Sẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ fóltì 2, bàbà inú rẹ̀ lè ti yọ́, bí a bá sì gba iná sí i, ó lè gbiná. Èyí tó bá wú, ẹ má jí i rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà fo chip náà kọjá.

Nísinsìnyí, bí a bá ń rìnrìn àjò, à ń fi sólà sílẹ̀ ní títàn, à ń yọ fíríìjì, a sì ń pa ínfátà.