Òdòdó Háyásíǹtì Nínú Ìkòkò: Iṣu Ìdí Rẹ̀ Kì Í Ṣe Àlùbọ́sà

Ẹni tó bá ra àlùbọ́sà ní ọjà Ose Okwodu, létí odò Ọya ní ìlú Onitsha, kì í bèèrè bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Ojú ti mọ̀ ọ́n, imú sì ti mọ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó jọ àlùbọ́sà, tí kì í ṣe oúnjẹ rárá. Òun ni iṣu ìdí òdòdó háyásíǹtì, tí àwọn ará òkèèrè, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba, máa ń gbìn sínú ìkòkò láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Agbègbè Tọ́kì, Síríà àti Lẹ́bánónì ni òdòdó olóòórùn dídùn yìí ti ṣẹ̀ wá. Ó yàtọ̀ sí ewéko orí omi tí orúkọ rẹ̀ jọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lójú omi Badagry ní ọdún 1984.

Òtútù ni háyásíǹtì fẹ́. Kí ó tó lè yọ òdòdó dáadáa, iṣu rẹ̀ ní láti wà nínú òtútù àti òkùnkùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10. Lẹ́yìn náà, ibi tó mọ́lẹ̀ tí kò sì gbóná ló yẹ ẹ́. Ìgbà tí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ bu omi sí i. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò, nítorí pé omi tó bá dúró síbẹ̀ yóò mú kí iṣu náà jẹrà.

Òtútù tó nílò yìí gan-an ló lè fa ewu. Níbi tí ooru bá ti mú, inú fíríìjì ni àwọn kan ń kó iṣu náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti àlùbọ́sà. Ẹni tí kò mọ̀ lè gé e sínú ọbẹ̀. Àwọn ẹ̀rún calcium oxalate tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń mú kí ara yún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu lè máa ta á, inú lè máa run ún, ó sì lè máa bì tàbí kí ó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Sísè kò sọ ọ́ di oúnjẹ.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló mú kí àjọ Public Health England kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ńlá ní oṣù kejì ọdún 2015, pé kí wọ́n má ṣe pàtẹ òdòdó daffodil, tí iṣu tirẹ̀ náà jọ àlùbọ́sà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ di iṣu háyásíǹtì sínú àpò tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gbìn ín, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì fi omi yọ ẹnu. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí pé epo tàbí èébì lè gba ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jùlọ, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́ kù nínú iṣu náà dání kí dókítà lè rí i.