Bí Wẹ́ẹ̀bù Kò Bá Ṣí Nílé: Ẹ Wádìí Ẹni Tó Tì Í Kí Ẹ Tó Ṣí I

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà,

Owó ọjà ti wọ inú fóònù báyìí, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè dé ilé lálẹ́, kí ẹ fẹ́ ṣí wẹ́ẹ̀bù báǹkì tàbí ti àwọn tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn, kó kọ̀, kò ní ṣí. Bẹ́ẹ̀ dátà wà, WhatsApp ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń wo fídíò. Kí ló dé?

Ó lè jẹ́ DNS. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Bí àlejò bá dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó ń wá ìyá kan tó ń ta ẹja, ẹnì kan ló máa júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ DNS nìyẹn. Orúkọ ni àwa ń tẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. DNS ló ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ náà ń jẹ́. Paul Mockapetris, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1983. Kó tó dé, obìnrin kan, Elizabeth Feinler, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California, ló ń tọ́jú gbogbo orúkọ náà sínú àkójọ kan ṣoṣo.

Bí atọ́nà bá kọ̀ tí kò júwe, kò túmọ̀ sí pé ìsọ̀ ti kúrò lọ́jà. Àwọn DNS kan wà tí wọ́n dìídì ṣe láti máa kọ̀. 9.9.9.9 ti Quad9 kì í júwe wẹ́ẹ̀bù àwọn gbájúẹ̀. 1.1.1.3 ti Cloudflare, tó jáde ní 2020, tún ń dí ti oníhòòhò mọ́ ọn. Ọmọ yín lè ti fi ọ̀kan sínú ráútà nítorí àwọn ọmọdé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ máa ń ṣi ẹni rere mú nígbà míì.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ wo sípẹ́lì orúkọ náà dáadáa. Lẹ́tà kan péré lè gbé yín lọ sí ìsọ̀ olè.

2. Ẹ pa Wáì-Fáì, ẹ fi dátà síìmù yín ṣí i. Bó bá ṣí, inú ráútà ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

3. Bí kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ lọ sí Settings lórí fóònù Android, ẹ wá "Private DNS". Bí orúkọ kan bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí "Automatic", kí ẹ tún gbìyànjú.

4. Ẹ ní kí ẹlòmíràn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì wò ó. Bí kò bá ṣí fún òun náà, kì í ṣe ilé yín ló bàjẹ́.

5. Bó bá jẹ́ ráútà ni, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún tàn án. Bó bá kọ̀, ẹ pe ẹni tó bá yín tò ó. Àwọn DNS míì gbà kí ẹ ṣí wẹ́ẹ̀bù kan ṣoṣo sílẹ̀. 1.1.1.3 kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ fi dátà síìmù ṣí wẹ́ẹ̀bù yẹn, kí ẹ fi ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Nígbà míì, àṣẹ ìjọba ló tì í. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Twitter pa. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Kò sí ráútà tí ẹ lè tàn, tí ẹ lè pa, tó máa tún irú ìyẹn ṣe.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: kí ẹ tó yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò, ẹ bi ara yín léèrè pé ṣé kì í ṣe òótọ́ ló ń sọ? Bó bá jẹ́ inú tẹ́ẹ̀sì lẹ ti rí ìlà orúkọ tí ẹ tẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ fi pe báǹkì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá yín yí DNS padà. Ní 2011, ọlọ́pàá FBI ti Amẹ́ríkà tú àṣírí àwọn ọ̀daràn tó fi kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, DNSChanger, yí DNS kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin padà ní orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ. Àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà rò pé ibi tí àwọn ń lọ làwọn dé, àṣé ibi tí olè júwe ni.

Atọ́nà tó bá kọ̀ máa dá yín dúró díẹ̀ ni. Èyí tó bá ṣì yín lọ́nà lè kó gbogbo owó ọjà lọ.

Ọjà á tà o.