Kọ́ńgò Tí Kì Í Yí Padà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Agbára Ara Adìẹ

Bí àrùn lúkúlúkú bá wọlé, adìẹ kan lè kú, kí èkejì yè é. Kí ló fà á? Nínú ẹ̀jẹ̀ adìẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ ọmọ ogun ara. Bí àrùn bá dé, àwọn jíìnì inú wọn, ìyẹn àṣẹ tí adìẹ jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, á máa ránṣẹ́ pé kí wọ́n jà. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn iṣẹ́ tí jíìnì ń rán yìí, kí wọ́n lè mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó múná.

Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?
Ẹ̀jẹ̀ adìẹ kan lè ní sẹ́ẹ̀lì ju ti èkejì lọ, nítorí náà wọ́n nílò òṣùwọ̀n. Ẹ wo ọjà wa: bí kọ́ńgò méjì kò bá dọ́gba, a ò lè mọ àgbàdo ta ló pọ̀ jù. Kọ́ńgò tiwọn ni jíìnì mìíràn tí kì í pọ̀ sí i, tí kì í sì í dín kù, yálà àrùn wà tàbí kò sí.

Níbo ni ewu wà?
Jíìnì méjì tí wọ́n sábà máa ń lò ni GAPDH àti beta-actin. GAPDH ń bá sẹ́ẹ̀lì lo ṣúgà. Beta-actin ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó ń jà máa ń jẹun sí i, ó sì ń sáré. Àwọn jíìnì yìí lè pọ̀ sí i lásìkò ìjà gan-an. Kọ́ńgò ti wú nìyẹn! Abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́ á wá dà bí èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀m, fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo kò tó. Ó kéré tán, kí wọ́n lo mẹ́ta. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán wọn wò lára irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa?
Bí ẹ bá fẹ́ dán oúnjẹ adìẹ tuntun wò, ẹ má fi wé adìẹ èṣí. Ẹ pín adìẹ tó jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, sí ọ̀nà méjì. Kí apá kan máa jẹ oúnjẹ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi abẹ́rẹ́ lúkúlúkú dánra wò o! Gbogbo adìẹ ni kí ẹ fún kí àrùn tó dé, torí kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ tètè rí òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín.