Ẹmu Inú Kẹ́ẹ̀gì, Ògógóró Inú Ìgò: Ewu àti Òfin Fífi Ọtí Ìbílẹ̀ Ránṣẹ́ láti Ìpínlẹ̀ sí Ìpínlẹ̀

Ọtí ìbílẹ̀ ni ọtí tí wọ́n fi ọwọ́ pọn nílé tàbí tí wọ́n dá lára igi, yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá rọ sínú ìgò tí wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́. Àwọn kan nínú wọn gbajúmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹmu ń ti ara ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ wá. Àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn bùrùkùtù àti pìtò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe àgàdàgídí. Èyí tó kẹ́yìn ni ògógóró, tí wọ́n ń rí nípa síse ẹmu tó ti kan, tí wọ́n á sì gba oru rẹ̀ sínú páìpù títí yóò fi di omi padà.

Àwọn ọtí yìí kì í gbé ìlú tí wọ́n ti ṣe wọ́n nìkan. Ẹni tó ń gbé Ìdí-Àràbà, láàrin Mushin àti Surulere, lè ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ adẹ́mu ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ọ̀ṣun. Bí ìdána, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà bá dé, wọ́n á fi kẹ́ẹ̀gì kan ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni wébíìlì: wọ́n á gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì, wọ́n á san owó, wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, ẹni tó ni ẹrù yóò sì lọ dúró dè é ní Jíbówú, Ọjọ́ta tàbí gáréèjì mìíràn l'Ékòó. Ìbéèrè méjì ló rọ̀ mọ́ àṣà yìí. Èkíní ni bóyá ọtí náà lè rin ìrìn àjò yẹn láìyí padà. Èkejì ni ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀.

Ọtí tó ṣì ń ṣiṣẹ́

Ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, pìtò àti àgàdàgídí jọ ní ohun kan: iṣẹ́ inú wọn kò tíì parí nígbà tí wọ́n bá gbé wọn sọ́kọ̀. Omi tó ń ro láti ara ọ̀pẹ dùn bí omi ìrèké, nítorí ṣúgà inú lítà kan rẹ̀ lè tó nǹkan bíi gíráàmù 100. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti èyí tó ti wà nínú kèrègbè adẹ́mu á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Bí ó ti ń jẹ ẹ́, ohun méjì ló ń ṣẹ̀dá: ọtí àti gáàsì carbon dioxide, tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gáàsì yìí ló ń mú kí ẹmu máa hó, kí ìfófò sì máa yọ lẹ́nu kèrègbè.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ọtí inú ẹmu lè tó ìdá mẹ́rin sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bíi ti bíà. Ibẹ̀ kọ́ ló ń dúró sí. Àwọn kòkòrò bakitéríà tó ń sọ ọtí di kíkan á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ẹmu á kan débi tí ẹnu kò ní lè gbà á mọ́. Ìdí nìyí tí ẹmu àárọ̀ fi dùn, tí ẹmu ìrọ̀lẹ́ fi le, tí ẹmu ọ̀túnla sì ń dá eyín lágara.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á jẹ́ kí ó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sè é. Híhù tí àgbàdo hù ló ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, nítorí irúgbìn ń pèsè oúnjẹ sílẹ̀ fún èèhù tuntun. Ìwúkàrà á wá jẹ ṣúgà náà gẹ́gẹ́ bó ti jẹ ti ẹmu. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó ń fi ọkà báálì ṣe bíà nílẹ̀ Yúróòpù ń lò.

Ewu ìrìn àjò wà nínú gáàsì yẹn. Gíráàmù 10 péré nínú ṣúgà lítà ẹmu kan lè bí gáàsì tó tó lítà méjì ààbọ̀, èyí tó sún mọ́ gáàsì tó wà nínú lítà bíà kan. Bí wọ́n bá dé ẹmu tuntun pa nígbà tí gíráàmù 100 ṣì wà níbẹ̀, gáàsì tó lè jáde yóò tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Kò sí ìgò lásán tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kẹ́ẹ̀gì oníke á kọ́kọ́ wú bí ikùn aboyún, ìdérí rẹ̀ á sì fò yọ. Ìgò onígíláàsì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè bẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ẹni tó jókòó tì í. Ooru inú búùtù ọkọ̀ tún ń mú kí ìwúkàrà yára sí i.

Ọgbọ́n àtijọ́ àti ọgbọ́n òde òní

Àwọn adẹ́mu ti mọ èyí kí sáyẹ́ǹsì tó fún un lórúkọ. Wọn kì í dí ẹnu kèrègbè pa. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé ni wọ́n ń fi há a lẹ́nu, kí kòkòrò má bàa wọlé, kí gáàsì sì rí ọ̀nà jáde. Wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè fún ìfófò, wọ́n sì máa ń gbé e ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ní apá Niger Delta, àwọn kan ń fi èèpo igi *Sacoglottis gabonensis* sínú ẹmu láti dín yíyára kíkan rẹ̀ kù.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe yàtọ̀ sí èyí: ńṣe ni wọ́n ń fòpin sí iṣẹ́ ìwúkàrà pátápátá. Ìgánmú, tí kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà, ni wọ́n ti rọ ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọ́n sílẹ̀. Irú bíà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n sì ń mú gbóná láti pa kòkòrò tó bá ṣẹ́kù, nítorí náà ó lè lo oṣù púpọ̀ nínú ìgò láìyí padà. Ọ̀nà kan náà ni NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin, ń gbà rọ ẹmu sínú ìgò. Wọ́n ń mú un gbóná dé nǹkan bíi ìwọ̀n 70 Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ lè dúró. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ lè rìn jìnnà, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kì í rí bíi ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ sọ̀. Ìyè inú ẹmu ló fún un ní adùn, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹrù tó nira láti gbé.

Ògógóró: ewu rẹ̀ yàtọ̀

Ògógóró kò ní ìṣòro gáàsì. Síse ti pa ìwúkàrà inú rẹ̀, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kankan kò lè gbé inú rẹ̀. Ó lè lo ọdún púpọ̀ nínú ìgò. Ewu rẹ̀ ni pé ojú kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Oríṣi ọtí méjì tó jọra ló fa èyí. Ethanol ni èyí tí ènìyàn ń mu. Methanol, tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ fún ọ̀dà àti epo, mọ́ gaara bíi tirẹ̀, òórùn wọn sì jọra. Nínú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ methanol di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, tó sì ń pa ènìyàn. Díẹ̀ ló máa ń wà nínú ọtí tí wọ́n bá fi ẹmu tó dára sè. Ìparun máa ń dé nígbà tí ẹnì kan bá fi methanol ilé iṣẹ́ lú ọtí kí ó lè pọ̀ tàbí kí ó lè le.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015 nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú láàrin ọjọ́ kan. Ìbẹ̀rù Ébólà ṣì wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà náà. Wọ́n kó àpẹẹrẹ láti ara àwọn aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò, LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, sì wà lára ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Kì í ṣe Ébólà, kì í sì í ṣe àìsàn àkóràn mìíràn. Methanol inú ògógóró ni. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìfòfinde ògógóró lọ́dún náà. Láìka ìkéde yẹn sí, wọn kò yé ta á ní gbangba.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi fífún ènìyàn níwèé àṣẹ títa ọtí sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Títà ni òfin yẹn ń bá wí. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu tí bàbá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láìgba owó kì í ṣe ọjà, kò sì gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọjá láti Oǹdó sí Èkó. Bí ẹni tó gbà á bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú tà fún aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, náà ní ipa tirẹ̀. Òfin ọdún 1993 sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe oúnjẹ tàbí ohun mímu tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí, kí a tà á, tàbí kí a pín in kiri ní Nàìjíríà láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń rọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú ìgò lọ́pọ̀ yanturu, tó ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ti kúrò ní ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn.

Ibi tí ẹrù náà ń lọ tún ṣe pàtàkì. Láti ìparí ọdún 1999, ìpínlẹ̀ méjìlá ní Àríwá ti gba òfin Ṣàríà. Ní Kano, iṣẹ́ àwọn Hisbah, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá òfin Ṣàríà, ni láti gba ọtí tó bá wọ ìlú. Ní ọdún 2020, wọ́n fọ́ ìgò bíà tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan náà tí wọ́n máa fi ijó gbà ní Mushin lè sọ awakọ̀ tó gbé e lọ sí Kano di arúfin.

Ní òkè òkun

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1909 kò jẹ́ kí wọ́n fi ọtí ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Àtúnṣe òfin ọdún 1933, tó mú ọtí padà sí ìta gbangba lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin dè é, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára lórí ọtí tó bá wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí àgbàlagbà lè pọn bíà nílé fún ara rẹ̀ láìsan owó orí: gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún ilé tó ní àgbàlagbà kan, 200 fún èyí tó ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mississippi àti Alabama ló gbà á kẹ́yìn, ní 2013. Òfin Carter yìí kò kan irú ògógóró. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 1963 ni ènìyàn ti lè pọn bíà nílé láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n síse ọtí líle láìní àṣẹ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú ní òfin tirẹ̀. Ọtí tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lè wà nínú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó wà láàrin 24 sí 70 kò gbọdọ̀ ju lítà márùn-ún fún èrò kan, ó sì gbọdọ̀ wà nínú ìgò tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà. Èyí tó bá ju 70 lọ kò gbọdọ̀ wọkọ̀ rárá, nítorí ó lè gbiná. Nítorí náà, ògógóró inú ìgò tí kò ní orúkọ kò ní àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéyàwó ọmọ ni wọ́n ń gbé e lọ bá.

Ohun tó yẹ kí olùfúnni àti olùgbà ṣe

Fún ẹmu àti àwọn ọtí tí wọ́n pọn, ìmọ̀ràn kò pọ̀. Kí wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, kì í ṣe ìgò. Kí wọ́n fi àyè tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Kí wọ́n má dé e pa. Kí ó gbéra láàárọ̀, kí ó sì dé lọ́jọ́ náà. Kí awakọ̀ mọ ohun tó gbé. Ó sì yẹ kí olùfúnni mọ ẹni tó ń fún: èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá, Mùsùlùmí olùfọkànsìn kì í sì í fọwọ́ kan ọtí.

Fún ògógóró, ọwọ́ tó ti wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgò tó ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó dé Ìdí-Àràbà kò ní ẹlẹ́rìí mọ́, irú rẹ̀ kò sì yẹ ní fífi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ẹni tó mu ọtí bá ń ráhùn lọ́jọ́ kejì pé ojú òun ń ṣú tàbí pé orí ń fọ́ òun gidigidi, kí wọ́n má ṣe pè é ní ọtí àná lásán. Ìtọ́jú wà fún methanol, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí aláìsàn bá tètè dé ilé ìwòsàn, kí ásíìdì náà tó ba ojú àti ọpọlọ jẹ́.