Ìbọn Tó Há Kì Í Ṣe Ìbọn Tó Ṣófo

Alhaja wa tó ń ta léèsì ní Sábóńgàrí ló béèrè ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ wọn ní ṣọ́ọ̀bù ní Houston, ó sì ní ìbọn ìléwọ́ tí òfin ibẹ̀ fún un láyè láti ní. Ìbọn ọ̀hún ń há. Ó lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì kó dáa, ẹ̀ẹ̀kẹta á há. Alhaja ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi ìbọn ṣiṣẹ́ jẹun, kí ló dé?" Ọdún méjìlélógún ni mo fi tún ìbọn ìjọba ṣe ní Sókótó àti Kàdúná, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Amẹ́ríkà ni ìbọn yẹn wà o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin ìbọn tó ti wà láti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má torí ohùn mi lọ ra wàhálà.

Ó dáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn, kíá ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fà á gùn. Bí ọta bá dún, agbára rẹ̀ á ti irin òkè, tí wọ́n ń pè ní sláìdì, lọ sẹ́yìn. Èékánná kékeré kan wà lára sláìdì yìí. Òun ló di etí kòròfo ọta mú, tó fà á yọ nínú ihò. Bó ṣe ń fà á bọ̀, kòròfo á kọ lu irin kan tó dúró gbọn-in nísàlẹ̀, á ta síta. Sípíríǹgì á wá dá sláìdì padà síwájú, sláìdì á gbá ọta tó wà lókè nínú mágásìn, á tì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan, ọta á wọ ihò. Gbogbo ẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí ìbọn bá há, ohun tí à ń béèrè ni pé: ibo ló dúró sí?

Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó wo ohunkóhun, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Kí ìka kúrò lórí tírígà. Kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò sí èèyàn. Mágásìn ni kó kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni kó fa sláìdì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kó dá a dúró sẹ́yìn, kó wo inú ihò, kó sì tún fi ìka kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa sláìdì kó tó yọ mágásìn, ọta kan á jáde lóòótọ́, òmíràn á sì wọlé rọ́pò ẹ̀. Irú wọn ló máa ń sọ pé "mo ti tú u" kí ìbọn tó dún lọ́wọ́ wọn.

Ìbọn tí a lò jù nígbà tiwa ni Browning Hi-Power, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Belgium ní 1935. Ọta 13 ni mágásìn ẹ̀ ń gbà. Bí o bá yọ mágásìn, tírígà ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Glock kò rí bẹ́ẹ̀ o. Yọ mágásìn Glock, ọta tó wà nínú ihò ṣì ń dúró dè ọ́. Kódà Hi-Power ọ̀hún, àwọn kan máa ń yọ irin yẹn kúrò kí tírígà lè fẹ́lẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ ọta tuntun ni kò wọlé, tó forí sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tàbí tó dúró ní ìdajì, mágásìn ni kí ó kọ́kọ́ fura sí. Ṣé ó wọlé dáadáa títí tó fi dún kọ́? Ṣé ètè ẹ̀ kò tẹ̀? Ṣé sípíríǹgì inú ẹ̀ kò ti rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó kọ nọ́ńbà sára mágásìn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń há tí èkejì kò há, ẹjọ́ tán, kó jù ú nù. Ọta náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Hi-Power àtijọ́, ọta tí imú ẹ̀ rí roboto ni wọ́n ṣe é fún, ó máa ń kọ èyí tí imú ẹ̀ ní ihò.

Bó bá jẹ́ kòròfo ló dúró ṣánṣán lẹ́nu àbájáde bí ọ̀pá èéfín, ó lè jẹ́ pé ọta ò lágbára tó, tàbí kí irin tó ń ta kòròfo ti kán. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó di ìbọn mú. Sláìdì nílò ohun tó dúró gbọn-in kó tó lè lọ dé ẹ̀yìn. Bí ọrùn-ọwọ́ bá rọ̀, ìbọn á bá a lọ, sláìdì kò ní dé ibi tó yẹ. Mo ti rí ìbọn tó há lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò há lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tó burú jù ni kí kòròfo kọ̀ láti kúrò nínú ihò, kí ọta míì tún wá há sẹ́yìn ẹ̀. Èékánná nìyẹn, yálà ó ti jẹ tàbí eérú ẹ̀tù ti dí i lábẹ́. Nígbà míì ihò ló dọ̀tí.

Ní ti òróró, èèyàn lè dá a sí i jù. Lọ́yẹ́ Sókótó, ìbọn tí wọ́n fi òróró wẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ há, torí eruku pò mọ́ òróró di ohun tó ń lọ irin. Kó nù ún mọ́, kó kán díẹ̀ sójú ibi tí irin ti ń fi ara gbo irin, ó tó.

Bí ó bá fa tírígà tó kàn dún "ká," kó má yí ìbọn wo o. Kó kọ ọ́ síbi tó léwu kéré, kó ka 30 kó tó tú u. Ẹ̀tù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gbiná. Bó bá sì dún "puù" dípò "gbàù," kó dáwọ́ dúró pátápátá. Orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn. Èyí tó bá yìn tẹ̀lé e lè fọ́ ìbọn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ atúnbọnṣe ni ìyẹn ń lọ.

Alhaja, ẹ bá mi bi í: kòròfo ló há ni, àbí ọta tuntun? Ṣé mágásìn kan náà ni nígbà gbogbo? Ta ló ń yìn ín? Kí ó fi èsì ránṣẹ́, màá dáhùn lẹ́yìn Íṣà lọ́la.