Ìwé Ìtumọ̀ Àlá àti Ẹni Tó Lá Á

Lórí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé ẹ̀sìn ní Ayétòrò àti ní Ìlaròó, láàrin tẹ̀sùbáà, ìwé orin àti ìwé àdúrà, ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí kì í pẹ́ tà, èyí ni ìwé ìtumọ̀ àlá. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí i pé wọ́n to àlá ọmọ aráyé sínú rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti í to iṣu sínú abà: ejò, ọ̀tá ni, ẹja, oyún ni, ìgbẹ́, owó ni, eyín tó yọ, ikú ará ilé ni, ẹni tó sì jẹun lójú oorun, májèlé ayé ló jẹ.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń fi àlá ṣẹ̀fẹ̀. Oorun tí í ṣe àbúrò ikú, ibi tó ń gbé ọmọ ènìyàn lọ lóru kì í ṣe ibi tí a lè fojú tín-ínrín, àwọn baba wa kò sì fojú tín-ínrín rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ló wí pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ẹjọ́ tí mo sì ń bá ìwé pẹlẹbẹ wọ̀nyí rò kò ju ìyẹn lọ, pé wọ́n ń túmọ̀ àlá láìbéèrè ẹni tó lá á.

Ẹ jẹ́ kí a mú màlúù. Ìwé kan ní àwọn baba ńlá ẹni ni, òmíràn ní ọ̀tá ìdílé ló ń lépa ẹni. Àgbẹ̀ tó wà ní ìhà Ẹ̀gùá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ńkọ́, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná janjan ní Àríwá Yewa, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí àwọn mìíràn sì sá gba ẹnubodè kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí màlúù lójú àlá, kí ni ti baba ńlá níbẹ̀? Ohun tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ló ń lé e lóru.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà gan-an kò ṣe é bí ìwé pẹlẹbẹ ti ń ṣe é. Artemidorus ará Éfésù, ọmọ Gíríìkì tó kọ ìwé márùn-ún lórí àlá ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, wí pé ẹnu ni ilé, eyín sì ni àwọn ará ilé, nítorí náà ẹni tí eyín rẹ̀ yọ lójú àlá lè pàdánù ènìyàn. Àfi bí ẹni pé ó ti bá àwọn ìyá àgbà wa ní Ayétòrò jókòó rí! Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó ní bí ajigbèsè ló lá àlá kan náà, gbèsè rẹ̀ ni yóò san. Ó sì kìlọ̀ fún atúmọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ alálàá, ìdílé rẹ̀, ohun ìní rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní ti àwọn Mùsùlùmí, orúkọ Ibn Sirin ará Básírà, tó kú ní ọdún 729, ló gbajúmọ̀ jù. Ìtàn tí a máa ń pa nípa rẹ̀ ni pé ọkùnrin méjì wá bá a, tí oníkálukú wọn lá àlá pé òun ń pe ìrun. Ó sọ fún èkínní pé yóò lọ sí Mẹ́kà, ó sì sọ fún èkejì pé olè ni yóò jà tí wọn yóò fi gé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìdí rẹ̀, ó ní òun rí àmì ìwà rere lójú èkínní, òun kò sì rí i lójú èkejì. Ìwé ńlá tí a ń fi orúkọ rẹ̀ tà lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹlòmíràn ló kó o jọ, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Olóògbé náà kò wá lè jẹ́jọ́ ohun tí kò kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, ibìkejì Olódùmarè. Ẹni tí àlá bà lẹ́rù tó gba ilé babaláwo lọ, owó ni yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo yóò sì máa ki ẹsẹ Ifá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925, àti nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, alálàá àti aríran ní àyè tiwọn, wòlíì tí yóò gbọ́ àlá náà sì lè jẹ́ ẹni tó mọ ilé àti ọ̀nà ẹni tó wá rọ́ ọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sọ tiwọn. Aserinsky àti Kleitman, ní Chicago, fi hàn ní 1953 pé ojú ẹni tó sùn a máa yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú láwọn àsìkò kan, àti pé ẹni tí a bá jí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní àlá tí yóò rọ́. Ìgbà tí àlá ń wá ni èyí fi hàn. Kò sọ ohun tí ejò tàbí ẹja jẹ́.

Ṣé ìwé pẹlẹbẹ wá jẹ́ asán pátápátá? Rárá o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ìwé bá mú kí ẹni tí àlá ń pọ́n lójú la ẹnu rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ṣe oore. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe ibi pẹ̀lú. Àwọn tó ń ta lọ́tìrì, tí wọ́n ń sọ àlá di nọ́ńbà láti 1 dé 90, kò tilẹ̀ pa mí lára tó bí irú ọ̀ràn yìí: ìyàwó ilé rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bu oúnjẹ fún un lójú oorun, ó ṣí ìwé, ìwé ní àjẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, arúgbó tó ti ń gbé ọmọ pọ̀n láàárọ̀ di ẹni tí a ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ kò sì mọ ohun tó dé. Ìwé náà kò béèrè bóyá ìyá àti ìyàwó ti ń jà lórí ìkòkò ọbẹ̀ láti ìgbà ọdún.

Ànábì Muhammad pín àlá sí mẹ́ta: ìró ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbànújẹ́ láti ọ̀dọ̀ Ṣàìtánì, àti ohun tí ènìyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ. Abẹ́ ìpín kẹta ni mo máa ń fi ọ̀pọ̀ àlá oúnjẹ sí. Bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ Rámádánì bá sùn lọ́sàn-án tó sì bá ara rẹ̀ nídìí àmàlà, ìwé pẹlẹbẹ yóò ní ayé ti fún un ní májèlé jẹ. Alfa tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ó jí jẹ sààrì.